Ìgbà Tí Gbòǹgbò Bá Kún Àpò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà kì í yé bi ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ irúgbìn: "Ọjọ́ mélòó ni yóò lò kí a tó ṣí i nípò?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ irúgbìn kò mọ ọ̀sẹ̀, kò sì mọ oṣù. Oòrùn ni ó mọ̀, àti omi, àti oúnjẹ inú ilẹ̀, àti ààyè tí gbòǹgbò rẹ̀ lè nà sí. Bí a bá gbin tòmátì méjì ní ọjọ́ kan náà, tí a gbé ọ̀kan sí ibòòji tí a sì gbé èkejì sí gbangba, wọn kì í tó ó ṣí nípò ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ń ka ọjọ́ nìkan yóò ṣí òmíràn kí ó tó gbó, yóò sì jẹ́ kí òmíràn pẹ́ jù nínú àpò.

Ní Sabonjida, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú Tamale ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, obìnrin Yorùbá kan wà tí ó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ àdúgbò náà jọ ti èdè Hausa: sabon gida, èyí tí í ṣe ilé tuntun. Ẹ̀yìnkùlé ni obìnrin yìí to àwọn àpò ọ̀rá dúdú sí, lábẹ́ àtíbàbà tí a fi koríko bò. Máńgòrò wà níbẹ̀, kajú wà níbẹ̀, igi òrí náà sì wà níbẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, a fi ata, tòmátì àti àlùbọ́sà kún wọn, nítorí àwọn tí ń fi omi ìdídò dá oko ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń bá a gbé ni ó ń pè é ní Ìyá Àgbà.

Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí ó mọ̀, ojú ni ó fi rí i, ọwọ́ ni ó sì fi dì í mú. Síbẹ̀, ohun tí ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ni.

Àmì kìn-ín-ní wà lórí ilẹ̀. Nígbà tí irúgbìn tòmátì tàbí ata bá hù, ewé méjì kan ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ. Ewé méjèèjì yìí kò jọ ewé ìyá wọn, nítorí pé inú kóró ni wọ́n ti wá, oúnjẹ tí kóró náà gbé pamọ́ ni ó sì wà nínú wọn. Ewé tí ó bá yọ tẹ̀ lé wọn ni ewé tòótọ́. Bí ewé tòótọ́ bá ti pé méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ tòmátì ti tó ó kúrò nínú àwo tí a da irúgbìn púpọ̀ sí papọ̀, kí ó bọ́ sínú àpò tirẹ̀. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín, tí igi rẹ̀ sì le, ó ti tó ó lọ sí oko. Ata lọ́ra jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó sábà máa ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ irúgbìn bá ga fíofío, tí igi rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kì í ṣe pé ó ti dàgbà. Oòrùn ni ó ń wá kiri. Àpò ńlá kò lè wo irú rẹ̀ sàn. Ìmọ́lẹ̀ ni kí a fún un.

Àmì kejì wà nínú omi. Àpò tí a ń bomi rin lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí a bá da omi sí i, omi náà a sáré gba ìdí rẹ̀ jáde bí ẹni pé inú agbọ̀n ni a dà á sí. Ohun tí ó fà á ni pé gbòǹgbò ti gba ipò ilẹ̀, ilẹ̀ tí ó kù kò sì tó ó mu omi dúró. Ewé ìsàlẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewé tuntun a máa kéré sí i, igi náà yóò sì dúró sójú kan bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Àmì kẹta, òun ni ó dájú jù lọ, wà ní ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé àpò sókè tí a rí gbòǹgbò tí ń yọjú láti inú ihò ìdí rẹ̀, a ti gbọ́ ohun tí igi náà ń wí. Bí iyèméjì bá sì kù, a ó fi ìka méjì há ọrùn igi náà, a ó dojú àpò dé, a ó sì rọra gbọ̀n ọ́n jáde. Bí ilẹ̀ bá fọ́ sílẹ̀ wúrúwúrú, àkókò kò tíì tó. Ẹni tí ó bá ṣí i nípò báyìí yóò já àwọn irun gbòǹgbò kéékèèké tí ń mu omi. Bí ilẹ̀ bá jáde ní odidi, tí gbòǹgbò funfun sì dì í mú yíká bí okùn tí a fi di ẹrù, àkókò ti tó. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá ti pọ́n, tí ó ti ń yí ara rẹ̀ po ní ìdí àpò bí ejò tí ó ká, àkókò ti kọjá. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè yè, àmọ́ ó lè máa bá yíyípo náà lọ nínú ilẹ̀ gbalasa, bí ẹni pé àpò ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù ńlá bá dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Àwọn kan rò pé bí a bá ti mọ àkókò, kò sí ohun tí ó burú nínú gbígbé ọmọ kékeré sínú ìkòkò tí ó tóbi jù lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a má baà tún ṣe wàhálà mọ́. Màmá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí kò sí gbòǹgbò nínú rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò mu omi rẹ̀. Omi yóò dúró, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò yóò sì jẹrà. Igi yóò kú sínú ọ̀pọ̀ ohun rere. Nítorí náà ni ó fi máa ń gbé wọn sókè ní ìpele ìpele: láti inú àwo sínú ọ̀rá omi mímu tí àwọn èèyàn ti mu tán tí wọ́n sọ nù, tí ó ti fọ̀ tí ó sì ti dá ihò sí nídìí, láti inú ọ̀rá omi sínú àpò dúdú, láti inú àpò dúdú sínú garawa ọ̀dà tí ó ti ṣófo. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ilé tuntun a fi díẹ̀ tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ilẹ̀ dúdú, iyanrìn àti ìgbẹ́ màlúù tí ó ti jẹrà dáadáa ni ó máa ń pò pọ̀, nítorí pé ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò.

Ọjọ́ ìṣínípò náà ní òfin tirẹ̀. A ó bomi rin ín ní àná rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a ó ṣe é, kí igi lè fi òru sinmi. A kì í fa igi ní ọrùn, a kì í sì í gbọn ilẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò. Ilẹ̀ náà ni yóò bá a dé ibùgbé tuntun. A lè rì tòmátì mọ́lẹ̀ jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé igi rẹ̀ a máa ta gbòǹgbò tuntun. Máńgòrò kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibòòji fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí ó bá ń lọ sí oko, a ó fi bí ọ̀sẹ̀ kan mú un mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀, wákàtí méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, títí ara rẹ̀ yóò fi le.

Igi òrí ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Kóró rẹ̀ kì í ṣe é fi pamọ́ pẹ́. Bí ó bá gbẹ, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá sì gbìn ín, kò ní kọ́kọ́ yọ sókè bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Olórí gbòǹgbò rẹ̀ a ti wọlẹ̀ jìnnà kí èhù rẹ̀ tó ti abẹ́ ilẹ̀ yọjú síta. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò wí pé kóró náà ti kú, yóò sì da àpò náà nù. Nítorí ìwà yìí, àpò tí ó jìn ni a ń wá fún un, kì í ṣe èyí tí ó fẹ̀. Bí olórí gbòǹgbò bá sì ṣẹ́ nígbà ìṣínípò, kí a má retí púpọ̀ mọ́. Igi tí ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso àkọ́kọ́ ni, nítorí náà, ohun tí ọwọ́ bá bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lè gba ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Gbogbo èyí wà fún igi àti àpò. Ohun kan tún wà tí ó ju méjèèjì lọ, òun ni ojú ọ̀run. Tamale kò dà bí Ìbàdàn tàbí Kumasi tí òjò ń rọ̀ nígbà méjì lọ́dún. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó ní, láti bí oṣù Kẹrin tàbí Kárùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ yóò dé, ètè yóò là, ilẹ̀ yóò le bí òkúta. Ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán lè sún mọ́ ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Igi tí a bá gbìn sí oko ní oṣù Kẹfà ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láti fi ta gbòǹgbò. Èyí tí a bá gbìn ní oṣù Kẹwàá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìjọba Ghana ṣe ọjọ́ igbígbin igi tí wọ́n pè ní Green Ghana Day fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, 2021, mílíọ̀nù márùn-ún igi ni wọ́n sì fi ṣe àfojúsùn. Fún àríwá, oṣù náà bá a mu. Ìgbà tí a ń gbin igi ni a máa ń ya àwòrán. Oṣù Kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a ń mọ iye tí ó kù.

Ọ̀rọ̀ oṣù Kẹwàá yìí gan-an ni ó gbé ìṣòro wá sí Sabonjida. Ọkùnrin kan wá láti ìhà Kumbungu, ó fẹ́ ra igba ọmọ máńgòrò. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi kó wọn sì wà lójú títì. Màmá gbé àpò kan sókè, ó rí gbòǹgbò nídìí rẹ̀. Àwọn máńgòrò náà ti tó ó ṣí nípò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò lọ?

"Ọmọ mi, ṣé odò wà létí oko yín?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n òjò kò tíì dáwọ́ dúró."

"Yóò dáwọ́ dúró. Ta ni yóò máa bomi rin wọ́n títí di oṣù Kárùn-ún?"

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tí ń ná owó mọ̀: "Màmá, owó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, n kò mọ̀ bóyá yóò ṣì wà."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí ó bá tà wọ́n fún un, owó ti wọlé. Bí wọ́n bá kú ní oko, ẹ̀bi kò kàn án. Owó náà sì ní iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò BECE ni, wọ́n sì ti fún un ní àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ girama onílé-gbígbé kan ní Kumasi, ibi tí ó lé ní 350 kìlómítà sí Tamale. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ìjọba Ghana ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ girama kúrò lọ́rùn òbí, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ, àpótí oúnjẹ, ibùsùn àti àwọn ohun kéékèèké tí ó kún inú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, ilé ni wọ́n ti ń rà wọ́n. Igba máńgòrò yóò ra gbogbo rẹ̀, yóò sì ṣẹ́kù.

Èkejì owó tún wà níbẹ̀, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọn kò bá tà wọ́n, a gbọ́dọ̀ ṣí wọn sínú àpò tí ó tóbi jù, kí wọ́n lè ti inú ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Àpò ńlá ń fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń fẹ́ omi púpọ̀, fún oṣù méje gbáko. Ọmọ tí ń pọn omi náà sì ni ẹni tí ń lọ sí Kumasi.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ìyá Àgbà, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá yín pọn omi? Ilé-ẹ̀kọ́ wà níbí náà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè bóyá wọ́n lè gbà mí sí Tamale."

Kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìṣínípò kò rọrùn fún un láti dáhùn, nítorí pé wọ́n ti ṣí òun náà nípò rí.

Kí ọdún 1969 tó parí, Yorùbá pọ̀ ní Tamale. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá, púpọ̀ nínú àwọn ìsọ̀ ọjà ńlá ìlú náà ni ó sì jẹ́ tiwọn. Aṣọ ni àwọn kan ń tà, wọ́rọ̀bọ̀ ni àwọn mìíràn ń tà, láti orí agbọ̀n tí a ń kiri títí dé orí ìsọ̀ olókùúta. Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. S. Eades, kọ ìtàn wọn sínú odidi ìwé kan tí ó jáde ní 1993. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ Ghana sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ọmọ tòmátì láti tó ó lọ sí oko. Àwọn tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ń sọ Dagbani ju Yorùbá lọ, kò sí èyí tí wọ́n ní ìwé nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ta ni ó mọ̀ pé a ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nílé?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Màmá nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ta ọjà ní owó tí ẹnikẹ́ni bá pè. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè rọra fara pamọ́ títí ọkọ̀ fi gbéra. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n la Togo kọjá, wọ́n la Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí kọjá, wọ́n sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí òun kò dé rí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé tí a ń pè ní ilé wa, yàrá kan ni ó kù nínú rẹ̀ fún èèyàn mẹ́jọ. Ìṣínípò ni èyí náà, àmọ́ kò sí ẹni tí ó wo gbòǹgbò, kò sí ẹni tí ó bomi rin wọ́n ní àná rẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ àtijọ́ tí ó bá ẹnikẹ́ni lọ. Bàbá rẹ̀ kò tún ṣòwò tí ó dúró mọ́ títí ó fi kú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ọmọ Ghana sì kó ẹrù wọn sínú báàgì onílà tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ghana Must Go. Màmá rí wọn lójú títì. Kò rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ohun tí ó kù fún un ni láti di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú sílé. Òun náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò ọkùnrin kan. Lẹ́yìn 1969, ìyá wọn kò jẹ́ kí ọmọkùnrin yìí kúrò lójú òun mọ́. Wọ́n fẹ́ mú un lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlọrin, ìyá kọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn fẹ́ mú un lọ sí Èkó, ìyá sunkún títí ọ̀rọ̀ náà fi kú. Ìfẹ́ ni, kò sí ẹni tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn. Ọmọ náà dàgbà sínú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí ìyá kú, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti ní òmìnira láti lọ síbikíbi, àmọ́ kò lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iwájú ilé náà ni ẹ ó ti bá a. Gbòǹgbò rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń yípo.

Nígbà tí Màmá àti ọkọ rẹ̀ padà sí Tamale ní 1992, àwọn ni wọ́n yan ọdún náà, àwọn ni wọ́n yan oṣù. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 lórí ìrìn-àjò ti wà, ọmọ orílẹ̀-èdè kan sì lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ fún oṣù méjì. Ojúlùmọ̀ kan fún wọn ní yàrá. Nígbà tí obìnrin náà dé, Dagbani tí ó rò pé òun ti gbàgbé padà sẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àlejò kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, èèyàn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ sí ti ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ka àkókò, àti ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń wo àpò. Kò wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ó wo bí ó ti ń fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an. Ó rántí ọjọ́ tí oníbàárà kan fún un ní owó tí ó lé, tí ó sáré tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀ láti dá a padà. Ó gbọ́ bí ó ti ń kí àwọn èèyàn, Dagbani fún èyí, Hausa fún ìyẹn, Yorùbá fún òun. Ó tún rí ohun tí kò fẹ́ rí: ọmọ náà ti ka gbogbo ìwé tí ó wà nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Omi ti ń gba inú àpò kọjá láìdúró.

Ọkùnrin ará Kumbungu padà wá. Màmá ní òun kò ní ta igba náà fún gbígbìn ní oṣù yẹn, àmọ́ òun ní àbá kan. Kí ó san ìdajì owó báyìí. Òun yóò ṣí wọn sínú àpò ńlá, òun yóò sì tọ́jú wọn títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa ní oṣù Kẹfà. Èyí tí ó bá kú lọ́wọ́ òun, òun ni ó kú fún. Èyí tí ó bá yè, kí ó wá san ìdajì tí ó kù, kí ó sì kó o. Ọkùnrin náà rò ó pé owó tí ó ti wà lórí igi kò ní í ṣe é ná sórí nǹkan mìíràn, ó sì gbà. Ìdajì owó náà kò tó fún gbogbo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ béèrè. Ó ta ọmọ ata àti tòmátì fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tí ń lo omi ìdídò Bontanga, èyí mú àpótí oúnjẹ wọlé. Ibùsùn ni kò rí tuntun rà. Ọ̀kan tí ẹnì kan ti lò rí ni ó rà, ó sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ìyá Àgbà, omi ńkọ́?"

"Omi kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ mọ́. Mo ti bá ọmọ ilé kejì sọ̀rọ̀, yóò máa fi mọ́tò gbé garawa mẹ́fà wá ní ọjọ́ méjì méjì. Màá san án nínú owó máńgòrò."

"Owó náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀."

"Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí? Lọ kà á sílé-ẹ̀kọ́ kí o wá kọ́ mi bí kò ṣe ní tán."

Ó kọ lẹ́tà sí ìdílé Yorùbá kan tí wọ́n mọra ní Kumasi, pé kí wọ́n máa mú ọmọ náà sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà á láyè. Ibòòji ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní nìyẹn. Ó di ìyẹ̀fun àgbàdo, gàrí àti ata lílọ̀ tí ó ti inú ọgbà rẹ̀ wá sínú àpótí oúnjẹ náà; ìyẹn ni ilẹ̀ àtijọ́ tí yóò bá a lọ. Àwọn àgbà wí pé àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, ó sì sọ èyí fún un, kí ó má baà rò pé a lé òun ni. Ọkọ̀ Kumasi a máa gbéra ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lè fi òru rìn. Kò wí fún ọmọ náà pé òun yan ìrọ̀lẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn máńgòrò náà nípò, ogún ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò gbà á. Nínú ogún àkọ́kọ́, mẹ́rin ni gbòǹgbò wọn ti ń yípo nídìí àpò. Kò da wọ́n nù. Ó fi ọ̀bẹ tí ó mú dáadáa la ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò náà díẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n lè yà sọ́nà tuntun, ó sì to àwọn mẹ́rin yìí sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa tó wọn lójoojúmọ́. Irú wọn lè yè. Ìtọ́jú wọn ni ó pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.